Búréèkì Hezekiah àti Ìkúnlẹ̀ Martha

Ọ̀rọ̀ tó wúwo la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù jọ̀wọ́ mójú le: láràárọ̀, kí Hezekiah tó bọ́jú, kó tó gbàdúrà, kó tó bi aya rẹ̀ bóyá ó jí ire, ó máa ń jáde sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀ ní Kábà, á sì tẹ ọwọ́ búréèkì alùpùpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì rí. Kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin rí. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí fáìlì kan tó rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ló tẹ̀ ẹ́ tí ọwọ́ búréèkì náà rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Kó tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Martha aya rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí àyà.

"Bàbá Inúmidùn, ṣé ó ti kú ni?"

"Kò kú. Atẹ́gùn ló wọ inú òróró rẹ̀."

"Ṣé atẹ́gùn yẹn ló máa dá wa dúró tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé?"

Hezekiah tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ Sátidé náà ni Adétutù, àbúrò Martha, fẹ́ ṣílé tuntun ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, Martha sì sọ ọ́ gbangba pé òun ò ní jókòó sẹ́yìn máṣíìnì tí kò ní búréèkì. Ká ní ọ̀rọ̀ náà dúró níbẹ̀, à bá má ní ìtàn kankan láti sọ. Ṣùgbọ́n ó fi kún un, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa òjò:

"Bí kò bá tíì dáa, Ọbalolúwa náà ń lọ. Ó ní ẹ̀yìn máṣíìnì òun ṣófo."

Ọbalolúwa yìí, tó ń ta pákó lójú ọ̀nà ọjà, ló kọ lẹ́tà mẹ́rin sí Martha nígbà tí gbogbo wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Hezekiah kọ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹyọ kan náà ló sì fi fẹ́ ẹ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Àwọn méjèèjì ń kíra wọn dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì, Hezekiah ò sì ní nǹkan kan sínú. Ó kàn ṣì rántí iye lẹ́tà náà ni.

Túndé mekáníìkì ti lọ sí Odò-Ẹrẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó dé. Inúmidùn, ọmọ wọn tó ń gbé ní Lọ́kọ́ja, wá fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ̀. Òyìnbó kan ló ń yọ atẹ́gùn kúrò nínú búréèkì, nínú yàrá kan tó mọ́ ju ilé ìdáná ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Hezekiah wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Lóòótọ́, kò le. Ẹnì kan á dúró lókè, á tẹ ọwọ́ búréèkì, á dì í mú pinpin. Ẹnì kejì á wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, á fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kékeré kan díẹ̀, kí òróró àti atẹ́gùn lè gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ́ sínú ìgò. Á tún dè é. Ìgbà yẹn nìkan ni ẹni òkè lè tú ọwọ́ sílẹ̀. Bó bá tú ọwọ́ sílẹ̀ kí ti ìsàlẹ̀ tó dè é, atẹ́gùn tó jáde á padà wọlé, á sì mú àwọn ẹbí rẹ̀ dání.

Ẹ̀yìnkùlé wà, ó tutù, ó pa rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n èrè wo ló wà nínú iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí? Abẹ́ máńgòrò ni Hezekiah ti ṣe é, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, létí ọ̀nà tí gbogbo àdúgbò ń gbà lọ sóko. Ó fi Martha sídìí ọwọ́ búréèkì, òun fúnra rẹ̀ lọ́ mọ́ ìdí táyà.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Dì í mú o! Mo ti tú u!"

Atẹ́gùn ń hó jáde nínú rọ́bà. Hezekiah rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Martha, okun o!"

Ìyá Ìdùnnúolúwa ni, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ru igi ìdáná bọ̀ láti oko. Lọ́dọ̀ wa, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kí ọ ní okun, o ò ní dúró bí òpó iná kí o fi ẹnu lásán dá a lóhùn. Ilé ire ni wọ́n ti tọ́ Martha, ní ìlú Ìyàrá. Ó jọ̀wọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, eékún rẹ̀ méjèèjì sì kanlẹ̀.

"Okun, Mama. Ẹ kú àbọ̀ oko. Orúnkún yín ńkọ́?"

Nígbà tí orúnkún Mama fi máa jẹ́ iṣẹ́ tán, atẹ́gùn ti padà sílé. Hezekiah ò mọ̀, sípánà ló ń wò. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, ìyàwó alàgbà ń kọjá. Wọ́n tún un ṣe, àwọn ìyá mẹ́ta kan ń lọ sóko ẹ̀gẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní orúnkún tirẹ̀. Òróró tuntun inú agolo, tí Hezekiah fi ń rọ́pò èyí tó jáde, ti ń lọ sísàlẹ̀, atẹ́gùn ṣì ń hó bí omi ọṣẹ.

"Atẹ́gùn yìí kì í ṣe ojú lásán," ni Hezekiah wí. Ló bá gbójú sókè, kò rí ẹnikẹ́ni nídìí ọwọ́ búréèkì. Ó wẹ̀yìn, ó rí ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ọpẹ́dayọ̀, aládùúgbò wọn, tó gbé àdá kọ́ èjìká.

"Ìyá Inúmidùn! Ta ló di búréèkì mú?"

"Mo ń kí Bàbá."

"Tí nọ́ọ̀tì ṣí sílẹ̀?"

"Ṣé kí n wá dúró gbagidi kí n máa wò wọ́n ni? Kí wọ́n wá máa béèrè pé ọmọ ta ni?"

"Ọmọ tí ọkọ rẹ̀ ń tún búréèkì ṣe!"

"Nílé bàbá mi, a kì í fi ọwọ́ búréèkì kí àgbà."

Bàbá Ọpẹ́dayọ̀ gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn. Hezekiah mi agolo òróró létí. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ibi tó rò ó sí ni ẹ̀yìn máṣíìnì Ọbalolúwa.

Martha kò tíì dìde. Ó wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ eékún rẹ̀, ó wo ìdí táyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́.

"Mú sípánà yẹn wá. Ìwọ, bọ́ sókè. Mo ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe pààrọ̀ ipò. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lè tẹrí ba fún àgbà pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lórí búréèkì, kò sẹ́ni tó máa bú u. Ní ti Martha, gbogbo ẹni tó kọjá ló bá a lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ wo ọmọ gidi," ni ìyá arúgbó kan wí. "Mi ò tíì kí i, ó ti kúnlẹ̀ dè mí!"

"Okun, Mama," ni Martha dáhùn, ó sì de nọ́ọ̀tì kó tó béèrè àwọn ọmọ Mama. Nígbà tí òróró inú agolo fi máa kù bí omijé, èyí tó ń gba inú rọ́bà jáde ti mọ́ lóló, kò ní ẹyọ ìhó kan. Hezekiah tẹ ọwọ́ búréèkì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó le bí egungun.

Lọ́jọ́ Sátidé, Martha wé gèlè, ó jáde, òun fúnra rẹ̀ sì tẹ búréèkì náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ewúrẹ́ kan sùn sí àárín títì. Hezekiah tẹ̀ ẹ́. Alùpùpù dúró gbọn-in, gèlè bo Hezekiah lójú, ewúrẹ́ ò sì dìde.

Nílé Adétutù, Hezekiah ń ròyìn fáwọn àna rẹ̀ lórí iyán: "Mo tú u, mo dè é, mo tún tú u…" Martha jẹ òkèlè kan tán. Ó ní, "Sípánà nọ́ńbà mélòó ni?" Hezekiah bu ọbẹ̀. "Nọ́ńbà mẹ́jọ ni," ni Martha fi dá ara rẹ̀ lóhùn. Ọbalolúwa tó jókòó lódìkejì gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Hezekiah ti tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó rí Ọbalolúwa tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, tó ń ti máṣíìnì rẹ̀.

"Hezekiah, okun o. Búréèkì tèmi náà ti rọ̀. Màdáàmù ńkọ́?"

Martha ti yọ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, ó ti tẹ́ àpò símẹ́ǹtì sílẹ̀ níbi tó máa kúnlẹ̀ sí. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan, ó fẹ́ ẹni tó máa dúró lókè. Bí Hezekiah bá di ọwọ́ búréèkì náà mú, òun fúnra rẹ̀ ló bá Ọbalolúwa tún máṣíìnì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo de Martha ṣe. Bí kò bá dì í mú, Ọbalolúwa ló máa dúró lé Martha lórí létí ọ̀nà oko, gbogbo àdúgbò á sì máa kí wọn ní okun. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó nílé, ọwọ́ ta ni kó wà lórí búréèkì náà?