Òwúrọ̀ Tí Wọ́n Ní Kí N Má Sáré

Nígbà tí mo ń wa áńbúláǹsì nílé ìwòsàn wa n'Ílàá, eré ni mo fi ń yangàn. Fèrè á máa ké, àwọn ọlọ́kadà á máa yà fún mi bí ìgbà tí ọba ń kọjá. Àárò ìgbà náà ṣì ń sọ mí. Àmọ́ òwúrọ̀ ọyẹ́ kan wà tí wọ́n gba eré ọ̀hún lọ́wọ́ mi.

Wọ́n pè wá sí abúlé kan lọ́nà Òkè-Ìlá. Bàbá Dọlápọ̀, àgbẹ̀ oníkòkó, yọ̀ ṣubú sódò níbi tó ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín òkúta, inú omi ló sì wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fà á jáde, wọ́n ti gbé àdín, wọ́n fẹ́ máa fi ra á lẹ́sẹ̀. Bàbá tutù bí irin. Kò tilẹ̀ gbọ̀n mọ́.

"Sístà, a ti pẹ́," ni mo wí, mo sì ti ń wo ọ̀nà mọ́tò. Ẹ̀rù òkú ń ba èmi tí mò ń fi mọ́tò gbé aláìsàn; n kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Sístà Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì wa, fìka kan bàbá lọ́rùn, ó sì fi í síbẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú kan, ó ń wá ìlù ọkàn rẹ̀.

"Ó wà láàyè. Ẹ má ra á, ẹ má fún un lọ́tí. Ẹni tó bá tutù báyìí, a kì í pè é lókùú àfi bí ara rẹ̀ bá móoru tán tí kò sì jí."

A rọra bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, a fi kúbùsù wé e, a ki ike omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a faṣọ dì sí abíyá rẹ̀. A gbé e sínú mọ́tò, mo sì nawọ́ sí fèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sáré o."

"Ẹni tó ń kú lọ, Sístà?"

"Bí mọ́tò bá gbé e jó nínú kòtò, ọkàn rẹ̀ lè dúró."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ kòtò ibẹ̀. Mo ń yọ́ lọ bí ẹni gbé ẹyin. Ọlọ́kadà kan tó gbé ewúrẹ́ sẹ́yìn yà wá sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti sùn ni?" Ńṣe ni mo tún dín eré kù. Nígbà tó yá, mo gbọ́ kì, kì, kì.

"Sístà, ọkàn rẹ̀ ti ń lù dáadáa."

"Tiyín nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n."

Oòrùn ti kan àtàrí kí bàbá tó lajú lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fọwọ́ wá ìdí ara rẹ̀, ó ní, "Ta ló kó ṣòkòtò mi?"

Mo jáde lọ jókòó sínú mọ́tò. Sístà bá mi níbẹ̀ tí mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní kí ló dé. Mo ní ọyẹ́ ni.