Ẹlẹ́bọ́tọ Lórí Ilẹ̀ Shripati

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín kí n tó sọ ohun tí mo fi ojú rẹ̀ rí. Shripati Waghmode lorúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú pápá kíríkẹ́ẹ̀tì wa ní Vairagpur. Irun orí rẹ̀ dúdú nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ti funfun báláú kí wọ́n tó lé e. Tí ẹ bá dúró nídìí ìsọ̀ tíì tó wà lẹ́nu géètì pápá lónìí, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ẹgbẹ́ àlejò tó wá bá wa ṣeré ló fún un ní rìbá kó ba ilẹ̀ pápá jẹ́, kí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wa má bàa yege. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí ọwọ́ mi méjèèjì yìí ló ba ilẹ̀ náà jẹ́, ẹnu mi yìí ló sì sẹ́.

Obìnrin márùn-ún ni wá tí à ń fi ọwọ́ fa èpò ní pápá. A ó lóṣòó ní ìlà, a ó máa sún síwájú díẹ̀díẹ̀, oòrùn á máa na ẹ̀yìn wa. Hirabai ló máa ń lóṣòó ti èmi. Ẹnu Hirabai kì í sinmi, tèmi náà kì í sinmi, a sì ti jọ sọ ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó kàn.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ká fa èpò lórí ilẹ̀ àárín. Ti Shripati nìkan nìyẹn. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ju ìṣísẹ̀ méjìlélógún lọ. Orí rẹ̀ ni ajubọ́ọ̀lù máa ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ kó tó ta dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú pátákó dání. Bí ilẹ̀ yẹn bá ṣe rí ni eré ọjọ́ mẹ́rin á ṣe rí. Shripati kì í wọ bàtà dé orí rẹ̀ láéláé. Ní òwúrọ̀ á kúnlẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á gbórí sókè, á ní, "Ó kù díẹ̀ kó gbọ́n." Lọ́jọ́ kejì, ó lè ní, "Inú ń bí i lónìí, ẹ má pariwo." Àwa á máa rẹ́rìn-ín.

Hirabai bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé báyìí náà lẹ ṣe ń fọwọ́ pa ìyàwó yín lára nílé?"

Ó ní, "Ìyàwó tèmi kì í sán bí oòrùn bá pa á. Ìwọ ni kí o lọ bi ọkọ rẹ bó bá ń rántí ibi tí ìwọ wà."

Hirabai rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ wa ń ṣe dáadáa. Láti oṣù kẹwàá tí ìdíje àwọn ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, a ti na méjì, a ti ta ọ̀mì mẹ́ta, ẹnì kan péré ló nà wá. Eré kan ló kù, ilé wa ni wọ́n sì ti máa gbá a, lẹ́yìn ọdún Sankranti nínú oṣù kìíní. Bí a bá na àwọn àlejò yìí, a ó wọ inú àwọn mẹ́jọ tó kù. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọmọ ìlú wa, Ninad Kulkarni, ló ń lu bọ́ọ̀lù jù. Àwọn tẹlifíṣọ̀n náà ní àwọn ń bọ̀. Shripati ò sùn dáadáa mọ́. Ilẹ̀ ló ń wò, ojú ọ̀run ló ń wò.

Ọjọ́ kan ṣáájú eré, ilẹ̀ àárín ti sán ní ìdí kan. Ó sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Mo sáré fi han Shripati.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀ kó sán. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, èèyàn ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Láti ọjọ́ kẹta ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i."

Mo gbọ́ o. Mo gbọ́, àmọ́ kò wọ̀ mí létí. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́rin péré, ilé ni mo mọ̀. Nílé wa, bí àlejò bá ń bọ̀, ìwọ obìnrin kò gbọdọ̀ jẹ́ kó bá ilẹ̀ sísán. Ìtìjú ìyá ẹ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Shripati pè mí sẹ́yìn. Ó ní Sankranti lòní, àbúrò òun obìnrin tó wà ní òdìkejì odò ń retí òun, pé láti ìgbà tó ti lọ sílé ọkọ, kò sí Sankranti tí òun kò gbé àádùn yánmọtí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òfin sì ni pé olùtọ́jú pápá kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ bí eré bá ku ọjọ́ kan.

Ó ní, "Wákàtí méjì péré ni, Yamuna. Bá mi ṣọ́ ọ. Ajá ni kó o máa lé. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ fún, Hirabai á ti kéde rẹ̀ dé ibùdókọ̀."

Mo ní, "Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi kí wọn."

Ó lọ. Mo jókòó. Kò sí ajá kankan tó wá. Mo ń wo ibi tó sán yẹn, ibẹ̀ náà ń wò mí. Mo rò ó pé àwọn ará ìlú ńlá ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n wọn, wọ́n á fi ilẹ̀ Shripati hàn gbogbo ayé báyìí. Mo rò ó pé ó ti darúgbó, pé bóyá kò ríran rí i tó. Ẹ gbọ́, inú rere ló wà lọ́kàn mi. Mo máa ń tún ìyẹn sọ fún ara mi, kì í sì í ràn mí lọ́wọ́.

Mo lọ sí ẹ̀yìn ògiri níbi tí màlúù máa ń dùbúlẹ̀ sí, mo kó ẹlẹ́bọ́tọ tútù. Mo bu ilẹ̀ dúdú tí Shripati ti sẹ́ sínú àpò, mo da omi sí i, mo fọwọ́ pò ó títí ó fi jọ̀lọ̀. Mo wá kúnlẹ̀, mo pa ìdí ilẹ̀ náà bí ìyá mi ṣe kọ́ mi láti pa ilẹ̀ ilé, tí mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i ní ìlàjì òṣùpá, òṣùpá, òṣùpá. Mo wá fi aṣọ nù ún títí àmì ọwọ́ fi parẹ́. Kí oòrùn tó rẹlẹ̀, ó ti gbẹ. Ó dán! Mo fa tapólì bò ó. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Shripati dé, ó rí tapólì, ó dúpẹ́, ó fún mi ní àádùn yánmọtí méjì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ká tapólì kúrò. Mo dúró nítòsí, mò ń retí kó yìn mí. Ó kúnlẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìka sí imú. Ojú rẹ̀ yí padà, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé mo ti ṣe nǹkan.

Ó rọra ní, "Yamuna, ta ló fọwọ́ kan ilẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbọ́n."

"O dá a lójú?"

"Mi ò kúrò níbẹ̀."

Ó wò mí. Àwọn rẹfirí ti ń bọ̀ pẹ̀lú balógun ẹgbẹ́ méjèèjì tó fẹ́ sọ owó ẹyọ sókè. Ká ní mo sọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀, bóyá wọ́n á dá eré dúró fún wákàtí díẹ̀, wọ́n á ha ohun tí mo fi pa á kúrò. Mi ò sọ. Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó sì kúrò lọ́nà fún wọn.

Ọjọ́ méjì kọjá láìsí wàhálà. Mo ti ń sọ fún ara mi pé kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, ṣáájú oúnjẹ ọ̀sán, Ninad ti gba àmì mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ariwo ń sọ. Oòrùn ti gbé ohun tí mo fi pa ilẹ̀, ó ti ń ṣí bí èèpo búrẹ́dì ọkà tó wà lórí iná. Ajubọ́ọ̀lù àwọn àlejò sáré wá, bọ́ọ̀lù bọ́ sí etí èèpo náà gan-an, ó fò sókè, ó gba abẹ́ irin akoto wọlé, ó sì fọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ninad. Ó ṣubú. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí aṣọ funfun rẹ̀ láti ibi tí mo lóṣòó sí.

Rẹfirí mú èèpo kan nílẹ̀, ó fi han ẹnì kejì. Wọ́n ní ilẹ̀ yìí léwu, wọ́n dá eré dúró pátápátá. Àwọn tó wà lókè ìdíje wá gbé eré náà fún àwọn àlejò. Bí ọdún wa ṣe parí nìyẹn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ènìyàn ti ń sọ pé Shripati ti ta wá. Wọ́n sọ òkúta sí òrùlé rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìgbìmọ̀ tó ń darí pápá pè é. Àwa ń fa èpò lẹ́bàá àtẹ̀gùn, a ń gbọ́ ohùn akọ̀wé ìgbìmọ̀ láti inú ọ́fíìsì.

"Ta ló fi nǹkan pa ilẹ̀, Shripati?"

Ohùn Shripati kò lọ sókè. "Ọwọ́ mi ni ilẹ̀ wà, ọ̀gá. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i, ọwọ́ mi ló ti ṣẹlẹ̀."

"Èló ni wọ́n fún ọ?"



Mo dìde. Mo gun àtẹ̀gùn kìíní, mo gun ìkejì.

Hirabai ní, "Yamuna, níbo lò ń lọ? Ṣé wọ́n pè ọ́ ni?"

Mo dúró síbẹ̀. Mo ronú iṣẹ́ mi, mo ronú ohun tí Hirabai máa sọ, mo ronú òkúta lórí òrùlé tèmi. Mo ní, "Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mo ń nà án ni." Mo padà, mo lóṣòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko. Koríko tó yẹ kí n fi sílẹ̀ ni mò ń fà. Nígbà tí Shripati jáde, kò ní iṣẹ́ mọ́. Ó yà lọ sí etí ilẹ̀ àárín, ó wò ó, kò tẹ̀ ẹ́, ó sì gba géètì lọ.

Oṣù kan gbáko kọjá kí n tó lè lọ sílé rẹ̀. Mo bá òun àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Mi ò tíì jókòó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀ yẹn. Ṣé simẹ́ǹtì lo rò pé a tẹ́ sílé mi ni? Mo mọ òórùn ẹlẹ́bọ́tọ."

"Kí ló dé tẹ́ ò wá sọ fún wọn?"

Ó ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo bi ọ́, o ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo fi ilẹ̀ sílẹ̀ lọ jẹ àádùn. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo rò pé ìwọ á sọ ọ́. Títí mo fi jáde nínú ọ́fíìsì yẹn, mo rò pé ìwọ á sọ ọ́. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn."

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ sọ, ṣebí ó ṣì mọ ọ́fíìsì akọ̀wé?"

Mo gba ibẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Akọ̀wé fetí sílẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní wọ́n ti gba ẹlòmíràn láti ìlú ńlá. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ pé obìnrin tó ń fa èpò fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ wa, wọn kò ní jẹ́ ká gbàlejò eré kankan mọ́ láyé. "Lọ sídìí iṣẹ́ rẹ, ìyá. Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ mọ́."

Mo sì lọ sídìí iṣẹ́ mi. Ẹ ò rí i báyìí? Mo lọ.

Àmọ́ kò gbé inú mi. Mo sọ ọ́ nídìí ìsọ̀ tíì, ní ojú gbogbo ayé. Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀kúnwọ́ mélòó ni Shripati bù fún yín nínú rìbá ọ̀hún?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín mọ́ ọn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, mo sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, mo sọ ọ́ fún ìyá Ninad, ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Shripati dá mi dúró lójú ọ̀nà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní òdìkejì odò ló ti ń gé koríko báyìí. Ó ní, "Yamuna, jọ̀ọ́, dákẹ́. Wọ́n ti ń gbàgbé. Gbogbo ìgbà tó o bá sọ ọ́, wọ́n á tún rántí pé èmi ni wọ́n ní mo jẹ owó."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni mò ń sọ."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ta lò ń sọ ọ́ fún?"

Mo ti ń ro ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ náà. Ó ní kí n dákẹ́, mo sì tún jókòó, mo kọ èyí pẹ̀lú ìwé mẹ́rin tí mo kà. Bóyá nítorí rẹ̀ ni. Bóyá nítorí kí èmi lè sùn ni. Ẹ̀yin tí ẹ kà á, bí ẹ bá dé ìsọ̀ tíì yẹn, ẹ má ṣe pe orúkọ Shripati. Tèmi ni kí ẹ pè.