A Ó Jó ní Sátidé

Lọ́dún tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà tuntun dé ilé-iṣẹ́ wa ní Atakpamé, níbi tí a ti ń ra ẹ̀wà sóyà lọ́wọ́ àgbẹ̀, èmi ni aṣojú àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbapò wa, bí mo bá rántí ọjọ́ náà, ìdí mi kì í dúró lórí àga.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá wa, ọmọ Lomé tí kò gbọ́ Ifẹ̀, èdè wa, pe èmi àti Àfí akọ̀wé wọlé. Àṣé wọ́n ti dọ́gbọ́n fi ohun kan sínú àwọn kọ̀ǹpútà náà tó ń ka gbogbo ohun tí a bá tẹ̀! Àfí ti kọ̀wé ní Ifẹ̀ sí àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní Datcha: “A ó jó ní Sátidé. Ilé á gbóná!” Ẹ̀rọ wá túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún ọ̀gá pé iná la fẹ́ sọ sílé.

“Mo ti lé e kúrò níṣẹ́,” ni ọ̀gá wí. “Lọ́sàn-án yìí, màá pe àwọn ọlọ́pàá jáńdámù.”

Àfí yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ijó ni mo wí o! Ijó ìgbéyàwó!”

“Ọ̀gá, ta ló ní kí ẹ̀rọ máa ka lẹ́tà wa?” ni mo bi ọ̀gá. Inú bí mi gan-an. Mo jáde, mo ké sí àwọn yòókù: “Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ!”

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Gbogbo wa tú sí àgbàlá, àwọn tó ń ru àpò sóyà náà dara pọ̀ mọ́ wa. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, òmíràn gbe orin, la bá ki ijó mọ́lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé ọ̀gá. Ijó gidi! Eruku sọ lálá.

“Ọ̀gá, ẹ wò ó dáadáa! Ohun tí Àfí kọ nìyí. Ṣé ẹ rí iná níbẹ̀?”

Ó ti fèrèsé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ sóyà láti Anié tò sẹ́nu ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, ó jáde.

“Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Àfí náà.”

“Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?”

“A ó máa sọ fún yín ká tó ṣọ́ yín.”

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Ọ̀gá.” Ó kọ ọ́, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ariwo ayọ̀ wa dé títì!

A jó ní Datcha ní Sátidé náà títí bàtà mi fi já. Iṣẹ́ Àfí la gbà padà. Wọn ò yọ ohun tó ń ṣọ́ wa kúrò, wọn ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àfí dòní. Ẹ̀yin lẹ ó bá wa béèrè ìyẹn. Àfí ṣì wà nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Faransé nìkan ló ń tẹ̀ níbẹ̀, kódà bó bá ń kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀.