Kẹ́hìndé Tí Kílípà Mi Bí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá orí, tó sì hu irun sí i kí irú wa lè rí iṣẹ́ ṣe. Mo dúpẹ́ fún ojú tí kò tíì fọ́ àti ọwọ́ tí kò tíì máa gbọ̀n. Mo tún dúpẹ́ fún àṣìṣe kan tí Ó bá mi sọ di oore níṣojú gbogbo àdúgbò. Àṣìṣe náà ni mo fẹ́ sọ.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Ó ti lé ní ọdún méjìdínlógójì tí mo ti ń gé irun ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní àdúgbò kékeré kan tó já sí Ìdúmàgbò. Ilé kéwú ni mo ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ náà ni mo ti bá ọ̀gá mi pàdé. Alfa Búsàírì ni orúkọ rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú. Abẹ ló fi ń fá orí, torí kílípà kò tíì pọ̀ nígbà náà. Kí ó tó jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kan abẹ, ọ̀rọ̀ kan wà tó gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí. "Má bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí o gé," ni yóò wí. "Ohun tí wọ́n fẹ́ kí o fi sílẹ̀ ni kí o bèèrè. Èyí tí o bá ti gé, o ò lè lẹ̀ ẹ́ padà." Èmi náà ti fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, òun ni mo mọ̀ jù. Òun náà ni mo gbàgbé.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àárọ̀ Jímọ̀ ṣe máa ń rí ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn àgbààgbà máa ń fẹ́ kí orí wọn mọ́ kí wọ́n tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, gorímápá sì ni gbogbo wọn máa ń ṣe: kí a fá gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀ títí orí yóò fi máa dán bí ìgò. Bẹ́ńṣì ìta á kún. Mo lè fá ogún orí kí ọ̀sán tó pọ́n. Tí mo bá ti fá tó mẹ́wàá, ọwọ́ mi kì í bi ojú mi léèrè mọ́. Súrátù Káfì inú Àlùkùránì ni mo máa ń kà jẹ́jẹ́ lábẹ́ ètè, torí ẹ̀san ń bẹ nínú kíkà á lọ́jọ́ Jímọ̀, kílípà á sì máa lọ fúnra rẹ̀. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn: ọkàn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ó yẹ kí ẹnì kan dúró ti orí oníbàárà.

Ilé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti bí Mónsúrátù. Èmi ni mo fá irun orí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ó dàgbà, ó lọ sílé ìwé, ó padà wá, ó ní fíìmù lòun fẹ́ máa ṣe. Fíìmù àkọ́kọ́ rẹ̀, irú èyí tó máa ń já èèyàn láyà ni: àwọn ayálégbé ilé kan ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń pa wọ́n. Odidi ọdún méjì ni ọmọ náà fi ń sáré kiri lórí rẹ̀. Nígbà tó sì máa rí òṣèré, ọkùnrin tí gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n mọ̀ sí Bàbá Sùúrù ló rí.

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni yóò jókòó sórí àga ńlá kan, irun orí rẹ̀ á funfun báláú bí òwú, á máa parí ìjà fún tọkọtaya. "Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é," ni yóò wí, ìjà á sì parí. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, mo máa ń ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, bí ẹni pé ó lè gbọ́ mi. Mo bi Mónsúrátù bó ṣe rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ mú. Ó ní bàbá náà ló sọ fún òun pé, "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń parí ìjà. Mo fẹ́ dá ọ̀kan sílẹ̀ kí n tó kú." Ọjọ́ mẹ́fà péré ló fún un. Wọ́n ti lo mẹ́ta ní àdúgbò wa nígbà tí Jímọ̀ yẹn dé.

Mónsúrátù mú un wọlé láàárọ̀. "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ẹ̀bá etí Bàbá ṣe díẹ̀. Mo fẹ́ lọ wo ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, mò ń bọ̀."

Mo gbọ́ ọ. Bí mo bá ní n kò gbọ́, irọ́ ni, àgbàlagbà tó ń kírun kì í sì í purọ́ sínú ìwé. Àwọn baba orí bẹ́ńṣì ní kí bàbá náà kọ́kọ́ jókòó, pé àlejò ni. Oorun ń kùn ún. Kí n tó so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó ti sùn lọ. Ó dùn mí, torí mo ti ń ronú bí n ó ṣe sọ fún un pé mo fẹ́ràn eré rẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ kéwú mi níbi tí mo bá a dé, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó sùn sínú ihò àpáta. Kílípà ń dún. Ọwọ́ mi gbéra.

Ìgbà tí mo wolẹ̀ ni mo rí òwú lórí bàtà mi.

Láti iwájú orí títí dé àtàrí, mo ti la ọ̀nà kan gbọọrọ. Alàájì Tíjání, aránṣọ tó máa ń wo fíìmù ju bó ṣe ń ránṣọ lọ, ló kọ́kọ́ fọhùn láti orí bẹ́ńṣì.

"Alfa, ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé eré nìyẹn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn irun kúrò lórí bàtà mi.

"Nítorí ó dà bí gbàgede Tinúbú láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó ṣófo."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín ló jí bàbá náà. Ó wo jígí. Mo ń retí kí ó ní ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é.

"Ta ló rán ọ sí mi?" ló wí. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé orí àgbò iléyá lo rò pé o gbé dání ni? Ẹ̀yin àgbà òfìfo tẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀, ìṣojú yín ló ti ṣe é!"

"Bàbá Sùúrù," ni Alàájì Tíjání wí, "ẹ fi sùúrù ṣe é."

"Kò sí Bàbá Sùúrù níbí!"

Ẹnu èébú yẹn ló wà tí Mónsúrátù fi wọlé. Kò pariwo. Ó wo orí, ó wo ilẹ̀, ó sì jókòó sínú irun náà. Kí ẹ tó lè mọ ohun tí mo bà jẹ́, ẹ gbọ́ ohun tó ṣàlàyé fún mi. Wọn kì í ya fíìmù ní títẹ̀léra. Wọ́n ti ya ibi tí bàbá náà ti ń wọlé, pẹ̀lú irun lórí. Ó kù kí wọ́n ya ìgbà tó bá máa jáde. Ẹni tó bá fi irun wọlé kò lè fi gorímápá jáde. Kò ní wíìgì, kò ní òṣèré mìíràn, ọjọ́ mẹ́ta ló sì kù tí bàbá náà máa lọ.

"Ìdajì fíìmù mi ti lọ nìyẹn, Alfa," ló wí.

Mo ní, "Ọmọ mi, dárí jì mí. Èmi náà ni mo fá orí rẹ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ."

"Ẹ sì tún ti fá a lónìí, sà."

Mo wá ibi tí ilẹ̀ á ti là kí n wọ̀ ọ́. Kò là. Alàájì Tíjání ló tún sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sú.

"Kí ló le níbẹ̀? Ìbejì ni wọ́n."

"Àwọn wo?" ni Mónsúrátù bi í.

"Èyí tó nírun ni Táíwò, ẹni jẹ́jẹ́. Èyí tó ń bú wa yìí ni Kẹ́hìndé. Òun ló ń pa wọ́n. Ẹ wo ojú ẹ̀."

Gbogbo wa wo ojú rẹ̀. Ó ti le koko, iṣan ọrùn yọ, ojú pọ́n, orí là sí méjì. A kò rí ojú yẹn rí lórí tẹlifíṣọ̀n láti ọdún mọ́kànlá. Mónsúrátù dìde nílẹ̀, irun lára aṣọ rẹ̀.

"Bàbá," ló wí pẹ̀lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bínú díẹ̀ sí i."

Bàbá náà yíjú sí jígí, ó wo ara rẹ̀ títí. "Kẹ́hìndé yìí," ló wí, "kí ló ń bí i nínú?"

"Gbogbo ayé ló fẹ́ràn Táíwò," ni Mónsúrátù dáhùn.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rín bàbá náà. Ó fara ti àga. "Ìwọ oníkílípà, parí ẹ̀. Kí ó dán."

Mo parí ẹ̀, ó sì dán. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, sùúrù ni Lèmọ́mù fi ṣe wáàsí. N kò lè gbójú sókè.

Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta tó kù ya Kẹ́hìndé. Àwọn baba orí bẹ́ńṣì di ọlọ́pàá. Kílípà mi àtijọ́ ni ìbọn, wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé e. Ilé olówó ní Ìkòyí tí ẹ máa rí nínú fíìmù náà, pálọ̀ ìyá Mónsúrátù ni, wọ́n kàn yá kọ́tìnnì ni.

N kò ní sọ orúkọ fíìmù náà, torí ẹ lè wá a títí kẹ́ ẹ má rí i. Àwọn tó ń ta síídì ní kò sẹ́ni tó fẹ́ rí Bàbá Sùúrù kó máa fún èèyàn lọ́rùn. Ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, ìwọ̀nba wa la sì ń wò ó. Ní tèmi, mo máa ń tàn án ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Àṣárì, nígbà tí oníbàárà bá dín. Mo mọ gbogbo àléébù rẹ̀. Nínú ilé Ìkòyí yẹn, ẹ máa gbọ́ tí ládánì mọ́ṣáláṣí wa ń pe ìrun. Níbi tí wọ́n ti ń lé apànìyàn ní Tinúbú, ó sáré kọjá lára ìyá olómi kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá náà kí i. Síbẹ̀, tí Kẹ́hìndé bá ti yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí iná bá kan orí yẹn, èmi tí mo fá a, ara mi á bù máṣọ. Oníbàárà á ní, "Alfa, ṣebí ẹ ti mọ ẹni tó ń pa wọ́n." Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo bí i.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, Bàbá Sùúrù dé fìlà fún oṣù mélòó kan, ó tilẹ̀ ń dé e sùn. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn tí kò mọ̀ ní Mẹ́kà ló yọ́ lọ, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fá a lórí. Ẹnì kan gbàdúrà kí Ọlọ́hun gba Háájì rẹ̀. Mo ṣe àmín. Kí ni kí n ṣe?

Mónsúrátù ti ya ọ̀pọ̀ fíìmù lẹ́yìn ìyẹn. Ó ṣì ń fi òṣèré ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀, á sì kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn: "Etí nìkan, Alfa."

Lọ́dún tó kọjá, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bàbá náà wọlé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Eré tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Irun náà ti hù padà tipẹ́, ó funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó jókòó. Mo so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Mo pa kílípà kí ariwo rẹ̀ má bàa dí wa lọ́wọ́.

"Bàbá," mo wí, "kí ni kí n fi sílẹ̀?"

Ó wo jígí fún ìgbà díẹ̀. "Títí dòní, irun yìí ni àwọn èèyàn ń kí lójú títì," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi ojú mi ṣeré. Má fi nǹkan kan sílẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí. Kò sùn lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí n tan fíìmù náà, kí n sì gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ìhín, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ọwọ́ yín yá ju ojú yín lọ. Bó bá sì yá jù ú lọ, kí Ó fi Alàájì Tíjání kan jókòó sórí bẹ́ńṣì yín. Àmín.