Àga Pupa tí Wọ́n Gbà lọ́wọ́ Fọlákẹ́

Oríṣi àga mẹ́ta ló wà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Gbossimé, ní ìlú Lomé. Bẹ́ǹṣì wà fún akẹ́kọ̀ọ́, àga rọ́bà wà fún àwa olùkọ́, àga pupa onítìmùtìmù sì wà fún àwọn ènìyàn pàtàkì. Àga pupa kì í jáde ní ọ́fíìsì Fọndatọ̀, ìyẹn ọ̀gá tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, àfi lọ́jọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, mo rò pé ìwé tí mo kà ló máa gbé mi dé orí rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àga rọ́bà mi fọ́, wọ́n fi wáyà rán an, mo sì tún jókòó.

Àwọn ọlọ́lá tó bá wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ wa máa ń sọ pé owó àti afẹ́ ló ń fa àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Yovodé, bí àwọn ará Lomé ṣe ń pe ìlú òyìnbó. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, pàápàá tí ọmọ ẹni tó ń sọ ọ́ bá ti wà lọ́hùn-ún. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí.

Físíìsì ni Fọlákẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Èmi ni mo kọ́ òun náà ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó padà wá di ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ṣì ń pè mí ní Mèsié, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pe olùkọ́. Ìyá rẹ̀, tí ìdílé wọn ti Èjìgbò wá tipẹ́tipẹ́, ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato, Fọlákẹ́ nìkan ló sì bí. Yàrá tí wọ́n ń kó àga fífọ́ sí ni Fọlákẹ́ gbà, ó gbá a, ó kùn ún, ó sì sọ ọ́ di yàrá sáyẹ́ǹsì. Bátìrì tí àwọn ọlọ́kadà ti jù nù ló fi ń fi bí iná ṣe ń rìn han àwọn ọmọ. Àwọn tó máa ń sùn ní kíláàsì mi ń fi oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ nítorí tirẹ̀. Èyí kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Lọ́dún kan, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kánádà fẹ́ gbà á síṣẹ́. Wọ́n ní kó fèsì ní ọjọ́ Ajé. Fọndatọ̀ gbọ́, ó pè é, ó sì ṣèlérí pé lọ́jọ́ ayẹyẹ, tó bọ́ sí Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà, òun yóò kéde rẹ̀ ní olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì níwájú gbogbo òbí, Fọlákẹ́ yóò sì jókòó sórí àga pupa.

"Ṣé wàá dúró?" ni mo bi í.

"Mèsié, tí wọ́n bá ṣe é bí wọ́n ṣe wí, kí ni mo fẹ́ lọ wá nínú yìnyín? Màmá mi tiẹ̀ ti rán aṣọ tó máa wọ̀."

Nígbà tó di Sátidé, Fọlákẹ́ jókòó sórí àga pupa tó kẹ́yìn. Láàárín àwọn òbí, ìyá rẹ̀ ń nawọ́ sí i fún ẹni tí kò bi í léèrè. Èmi ni mo di makirofóònù mú, nítorí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń dá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́lá.

Takisí kan dúró lẹ́nu géètì. Sàmúẹ́lì ló sọ̀kalẹ̀, ọmọ tí òun àti Fọlákẹ́ jọ kàwé lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ó wálé láti Kánádà fún ìsinmi. Fọndatọ̀ sáré lọ dì mọ́ ọn, ó mú un dé iwájú, ó sì rí i pé gbogbo àga pupa ti kún. Ó wo pásítọ̀, ó wo àna rẹ̀, ó wo ọlọ́jà ńlá tó fún wa ní símẹ́ǹtì. Ojú rẹ̀ wá dúró lára Fọlákẹ́.

"Ọmọ mi, dìde fún àlejò. Ọmọ ilé ṣáà ni ọ́."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó," ni Sàmúẹ́lì wí. "Èmi á dúró."

"Ẹni tó ti Kánádà wá, kó dúró? Èèwọ̀!"

Fọlákẹ́ dìde, ó wá dúró sẹ́yìn mi. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Fọndatọ̀ gba makirofóònù lọ́wọ́ mi, ó kéde Sàmúẹ́lì ní Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Ó ní ní ti olórí ẹ̀ka, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ayẹyẹ, Sàmúẹ́lì wá bá wa.

"Fọlákẹ́, má bínú. Àpótí ni mò ń gbé níbẹ̀ o, ní ilé ìkẹ́rùsí. Mo sọ fún Ọ̀gá, ó ní ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe mí."

"Bàbá Ìsàlẹ̀ alápòótí!" Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. N kò mọ ibi tí ẹ̀rín náà parí sí.

Ní ọjọ́ Ajé, ó kọ̀wé sí Kánádà pé òun ń bọ̀.

Fọndatọ̀ kó àwa olùkọ́ jọ. "Àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò ní sùúrù. Kí la fi dù wọ́n?"

"Àga ni, Ọ̀gá," ni mo wí.

Ó ní òun yóò ra àga rọ́bà tuntun fún wa. Ó rà á lóòótọ́, wọ́n sì kó àwọn tó ti fọ́ padà sí yàrá Fọlákẹ́.

Ọdún yìí ni mo fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n fi mí sórí àga pupa níkẹyìn. Ìsinmi ti gbé Fọlákẹ́ wálé, Fọndatọ̀ sì ti fi ọkọ̀ ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí Adawlato láti gbé òun àti ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, gbogbo àga pupa ti kún. Fọndatọ̀ tẹ̀ sí mi létí.

"Mèsié, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún àlejò wa. Ẹ̀yin ṣáà ni onílé."

Mo di apá àga náà mú.

"Nítorí ìyẹn ni mo ṣe jókòó, Ọ̀gá."

Ló bá na ọwọ́ sí àga tirẹ̀ fún Fọlákẹ́. Fọlákẹ́ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó lọ fún ara rẹ̀ mọ́ àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí bẹ́ǹṣì, òun àti ìyá rẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kí Fọndatọ̀ padà jókòó. Ó dúró títí ayẹyẹ fi parí, àga rẹ̀ sì ṣófo láàárín wa.