Ìlà Ara Ẹ̀gbà Ọwọ́ Thenmozhi

Ọwọ́ àtọwọ́dá ni Thenmozhi ń ṣe ní ìlú Coimbatore ní Íńdíà, fún àwọn tí jàǹbá ti gé ọwọ́ wọn. Ike yíyọ́ ni ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń mọ ọ́n ní ìpele ìpele. Tó bá dé ìdajì, á dá ẹ̀rọ dúró, á tẹ́ ohun bíńtín tó ń mọ̀ bí nǹkan bá kan ọwọ́ náà sínú rẹ̀, ẹ̀rọ á wá mọ ìyókù bò ó. Ibi tó ti dúró yẹn kì í ṣàì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ló kọ́ Malarvizhi níṣẹ́ yìí, abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì ọ̀sán.

Lọ́dún ìkórè tí wọ́n ń pè ní Pongal, ọkọ Thenmozhi fún un ní ẹ̀gbà ọwọ́ oníke aláwọ̀ wúrà. Ayọ̀ pa á lẹ́kún. Níbi tó ti ń fọ ìkòkò ni ìka rẹ̀ ti kan ìlà kan lára ẹ̀gbà náà. Ó gbé e sí oòrùn, ó rí ohun dúdú nínú rẹ̀, irú èyí tó ń sọ ibi téèyàn wà. Ìlà náà sì wú níparí, bí ìlà iṣẹ́ Malarvizhi aláìnísùúrù, tí Thenmozhi ti bá wí títí lórí rẹ̀.

Nígbà tó débi iṣẹ́, ó gbé ẹ̀gbà náà síwájú Malarvizhi.

“Ta ló ṣe eléyìí?”

“Àǹtí, ẹ má bínú. Ọkọ yín ní òun kàn fẹ́ máa mọ ibi tẹ́ ẹ bá wà ni.”

“O ò wá lè sọ fún mi? Ìwọ tí mo ń bu oúnjẹ sí lẹ́nu?”

Thenmozhi fa ọwọ́ Malarvizhi, ó fi ẹ̀gbà náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Wọ̀ ọ́ lọ sílé ẹ. Kí ọkọ mi wá wá mi níbẹ̀.”