Sítáǹpù Kaka Barat Tó Ya Létí

Àwọn tó mọ Kaka Barat, olóògbé tó ń ta sítáǹpù àtijọ́ ní Kabul, kì í dárúkọ rẹ̀ láìsọ ti ọjọ́ tí Hájì Qamardin ti Peshawar wá bá a nájà. Sítáǹpù kan ni Hájì bá wá, lára àwọn àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Afghanistan tẹ̀, róbótó, tó ní orí kìnnìún láàárín.

"Kaka, èló ni?"

"Ọ̀kẹ́ kan afghani."

"Mo gbà."

"Ó ti di ọ̀kẹ́ méjì."

Hájì mí kanlẹ̀. "Mo gbà bẹ́ẹ̀ náà."

"Ẹ ti yá jù. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá."

"Kaka, ṣé ẹ fẹ́ tà á àbí ẹ ò fẹ́ tà á?"

"Mo fẹ́ tà á. Ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń nájà."

Hájì wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Ọmọ Kabul kì í sọ fún àlejò pé òun ò ní ta nǹkan. Owó ló fi ń sọ ọ́. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Bibi Gohar ìyàwó Kaka ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé olóríkunkun ni ọkọ òun.

Nígbà tí àwọn sítáǹpù yẹn jáde, wọn kì í lu òǹtẹ̀ lé wọn. Akọ̀wé ìfìwéránṣẹ́ a fọwọ́ ya díẹ̀ dànù lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò. Bí oníbàárà bá ń ṣàròyé pé ó ya, Kaka a ní, "Èyí tí kò ya kò rìnrìn àjò. Ṣé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kò jáde nílé rí lẹ fẹ́ rà?"

Ẹyọ kan péré ni yíya rẹ̀ dùn ún: èyí tí Hájì fẹ́ rà yẹn, tó wà lára lẹ́tà tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ láti Jalalabad, tó fi tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ àwọn àna rẹ̀. Kaka gbàgbọ́ pé ègé tó já dànù ṣì wà níbì kan. Ó gbé ìgbálẹ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ ní Kabul, níbi tí wọ́n ti gba lẹ́tà náà tí wọ́n sì ti ya sítáǹpù rẹ̀.

"Kaka, ilé ìjọba rèé o," ni ọ̀gá ibẹ̀ wí.

"Mi ò bá ìjọba du nǹkan kan. Pàǹtí yín ni mo fẹ́."

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbá ilẹ̀ ibẹ̀, tó ń kó eruku àárín pákó sínú agolo. Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ọ̀gá ibẹ̀ ránṣẹ́ béèrè ọjọ́ tó máa padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àìsàn ọ̀hún le. Yìnyín bo àdúgbò, Kaka kọ oúnjẹ.

"Ìyá Nazo, mi ò ní rí i mọ́."

"Ẹ jẹun ná, Bàbá Nazo. Ẹni tí kò jẹun, kí ló fẹ́ fi wá nǹkan?"

Kò jẹ ẹ́. Gohar bá ya ojú ìwé òfìfo kan nínú ìwé àtijọ́, ó ya àwòrán etí sítáǹpù náà sí i, ó rẹ ẹ́ sínú tíì, ó fi èékánná já a, ó sì sọ ọ́ sínú agolo eruku.

Lọ́jọ́ kejì Kaka rí i. Ó jẹ ọbẹ̀ àgùntàn tán nínú ìkòkò, ó pe àdúgbò, ó pín álímọ́ńdì oníṣúgà. Gbogbo wọn búra pé ègé náà bá ojú ibi tó ya mu. Mullah Sikandar, tí kò ríran kọjá imú rẹ̀, ló kọ́kọ́ búra.

Ìdí nìyí tí àyà Gohar fi já lọ́jọ́ tí Hájì dé. Bí Kaka bá tà á pẹ̀lú ègé yẹn, gíláàsì tí Hájì fi ń yẹ sítáǹpù wò yóò tú àṣírí, ọjà yóò sì máa pe ọkọ rẹ̀ ní oníjìbìtì.

Ọdún méje ni Kaka tún lò láyé lẹ́yìn àìsàn yẹn. Lọ́jọ́ tó kú, ẹni tó wẹ̀ ẹ́ mú tírà awọ ọrùn rẹ̀ wá fún Gohar. Gohar tú u. Ègé bébà tó fi tíì rẹ ló wà níbẹ̀. Kaka kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà rí. Ìwé kékeré kan wé e, tí Kaka fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: "Iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Nazo. Tíì rẹ̀ le díẹ̀. Kì í ṣe títà."

Gohar rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí Hájì Qamardin wá kí i kú ọ̀fọ̀, ó fi ìtìjú béèrè pé èló ni sítáǹpù yẹn báyìí. Gohar bu tíì fún un, ó fọwọ́ kan tírà tó ti wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀.

"Ogún ọ̀kẹ́ ni, Hájì."

Hájì gba ife náà. Kò nájà.